Ilẹ̀ Tí Kì Í Mì

Nantes, ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá, 1997

Bàbá mi,

Ẹ kú ọwọ́ omi, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ṣé ara yín le? Ṣé òpó ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ṣì ń gbé ilé wa dúró lórí omi, àbí omi ti jẹ ẹ́? Mò ń kọ̀wé yìí wẹ́wẹ́, lójú àti lẹ́yìn, torí bí ó bá wúwo díẹ̀ sí i, wọ́n á ní kí n lẹ sítáǹpù kejì mọ́ ọn. Ẹ bá mi fi awò ojú yín kà á.

Mo ti fi iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀. Èyí tí mò ń ṣe báyìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ilé kan wà létí odò níbí tí wọ́n ti ń wádìí ohun tó ń mú àgbàlagbà ṣubú. Obìnrin kan, Dókítà Kervella, ló ń darí wọn. Wọ́n tẹ́ pákó fífẹ̀ kan sílẹ̀ tí ẹ̀rọ máa ń fà lójijì, nígbà mìíràn síwájú, nígbà mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Arúgbó á gorí rẹ̀, á dúró jẹ́ẹ́, pákó á yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì máa wo bí ara rẹ̀ ṣe ń wá ìdúró rẹ̀ padà. Iṣẹ́ tèmi ni láti di ìgbànú mọ́ wọn láyà àti nítan, kí n sì fi kọ́ okùn tó wá láti òkè àjà, kí ẹni tó bá yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ má baà balẹ̀.

Láàárọ̀, ìkùukùu odò máa ń bo gbogbo fèrèsé, inú yàrá á wá funfun bí inú ìkarahun ìgbín. Arúgbó kan á rọ̀ sórí okùn, á máa fì díẹ̀díẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa kan ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ó máa ń ṣe mí bíi pé abẹ́ omi ni gbogbo wa wà.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi, Fofo Codjo, ní ẹ ṣì ń dá dìde ní ìdájí, ẹ ṣì ń dúró ní ìdí ọkọ̀, ẹ ṣì ń fi ọ̀pá tu ara yín lọ sí ọgbà ẹja yín láàárín ọ̀sà. Bàbá, lórí àkàsọ̀ ilé wa ni Ìyá ti ṣubú, wọ́n sì dùbúlẹ̀ títí wọ́n fi lọ. Mo ti wá mọ̀ níbí pé bó ṣe máa ń rí fún ọ̀pọ̀ nìyẹn: ìgbáròkó á ṣẹ́, ibùsùn á gbà wọ́n, ó parí. Fofo ní yàrá kan ṣófo nílé òun ní Calavi. Orí ilẹ̀ ni, ó tẹ́jú, kò sí àkàsọ̀ níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ọjọ́ tí mò ń lọ, ẹ dúró nínú ọkọ̀, ẹ gbé ọ̀pá yín sókè títí mi ò fi rí yín mọ́. Bí mo ṣe fẹ́ padà bá yín nìyẹn, lórí ẹsẹ̀ yín.

Ọmọ yín,
Houéfa


Ganvié, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá, 1997

Houéfa ọmọ mi,

Omi kí ọ, ilé kí ọ, òpó ilé ìdáná náà kí ọ. Ó ṣì dúró. Ara mi le. Ẹ̀kọ tútù àti ẹja yíyan ni mo jẹ lónìí, mo sì jẹ ẹ́ yó.

Mo ka ìwé rẹ sókè fún Kinsou ọ̀rẹ́ mi nínú ọkọ̀. Ẹ̀rín tó rín, ó kù díẹ̀ kí omi wọlé bá wa. Ó ní, "Dansou, o ní àwọn òyìnbó kọ́ ilé, wọ́n ra ẹ̀rọ, kí ilẹ̀ wọn lè máa mì? Sọ fún Houéfa kó kó wọn wá síbí. Ọ̀fẹ́ la ó mì wọ́n!" Mo ní kó pa ẹnu mọ́, pé iṣẹ́ ọmọ mi ni. Ó ní òun ò bá iṣẹ́ ọmọ mi jà, òun kàn fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń gba owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Má fi ikú ìyá rẹ ju ọkọ̀ mi lókò. Òjò ló mú àkàsọ̀ yọ̀, alẹ́ sì ni. Ọkọ̀ ò mọ nǹkan kan sí i.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí o ti gbàgbé fún ọ. Tí ọyẹ́ bá dé, tí ìkùukùu bo ọ̀sà, ojú omi àti ojú ọ̀run á di ọ̀kan. Mi ò ní rí ìdí ọkọ̀, mi ò ní rí orí rẹ̀. Mi ò ní mọ̀ bóyá mò ń lọ tàbí mo dúró. Ẹsẹ̀ mi nìkan ló máa mọ̀. Omi á sọ fún ọkọ̀, ọkọ̀ á sọ fún àtẹ́lẹsẹ̀ mi, mo sì máa mọ̀ pé mo ti dé ibi tí mo gbin ẹ̀ka igi sí fún àwọn ẹja. Nígbà mìíràn mo máa ń gbọ́ ọkọ̀ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò sì ní rí i. Mo máa ń kí i. Mo máa ń rò pé ìyá rẹ ni.

Ọmọ mi, àwọn tó ń ṣubú lọ́dọ̀ yín, ṣé lórí omi ni wọ́n ti ń ṣubú?

Bí o bá rí ẹni tó ń bọ̀ nílé, fi okùn ọ̀rá ránṣẹ́ sí mi, èyí tó nípọn. Tibí kì í pẹ́ já. Má ṣe fi pósítófíìsì rán an, owó yẹn á ju okùn lọ.

Èmi bàbá rẹ,
Dansou


Nantes, ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù Kọkànlá, 1997

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo sì kí Bàbá Kinsou, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì jókòó, ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ìyá kan máa ń wá sọ́dọ̀ wa, Madame Odile ni wọ́n ń pè é. Ó fẹ́ mú àlùbọ́sà kan lórí pẹpẹ ní ilé ìdáná rẹ̀, ó ṣubú. Àlùbọ́sà kan péré, Bàbá! Egungun rẹ̀ so padà, ṣùgbọ́n látìgbà náà ó ń rìn bí ẹni tó gbé àwo ẹyin sórí. Ara rẹ̀ ti le gbagidi, ojú rẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo di ìgbànú mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó sì di aṣọ mi mú bí ọmọ kékeré. Ẹ̀yin ni mò ń rò.

Mo lá àlá kan. Mo dúró ní etídò Calavi, gbogbo nǹkan funfun. Mo rí ọkọ̀ yín tó ń bọ̀. Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, ó tọ̀nà, kò yà síbì kan. Nígbà tó dé iwájú mi, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ọ̀pá yín nìkan ló dúró gangan nínú rẹ̀. Mo jí, mi ò sì lè sùn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti di ojú, ọkọ̀ náà ni mò ń rí.

Bí ẹ ò bá ṣe é torí ara yín, ẹ ṣe é torí oorun mi. Fofo ní òun á wá gbé yín nígbà tí ẹ bá ní kí òun wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kó wá.

Houéfa


Calavi, ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kìíní, 1998

Houéfa,

O rí adírẹ́sì tí mo kọ sókè. Mo ti sọ̀kalẹ̀. Kì í ṣe ìwádìí yín ló mú mi wá, àlá rẹ ni. Mi ò fẹ́ kí ọkọ̀ mi máa da ọmọ mi láàmú lóru.

Mo gbé ọ̀pá mi fún Kinsou. Ó ní, "Màá fi sórí àjà. Kó tó jẹ eruku lo máa padà wá gbà á." Nígbà tí Codjo ń tù mí lọ, Kinsou ò wo ẹ̀yìn wa. Ó ń ṣe bí ẹni tó ń tún àwọ̀n ṣe. Àwọ̀n náà ò ya.

Ilé Codjo dára. Ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú mi. Bí mo bá fẹ́ mu omi, á ní, "Bàbá, ẹ jókòó, mo ti gbé e bọ̀." Bí mo bá fẹ́ tan fìtílà, á ní, "Bàbá, ẹ jókòó." Mo jókòó.

Táìsì ni wọ́n tẹ́ sí yàrá. Ó ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rí fìtílà nínú rẹ̀. Ojú mi á ní omi ni, ẹsẹ̀ mi á ní irọ́ ni. Wọ́n ń jiyàn bẹ́ẹ̀ títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà. Ilé wa lórí omi máa ń mí lóru, o rántí? Òpó á dún, pákó á dáhùn. Ilé yìí kì í mí. Mo máa ń jí láti fetí sí i.

Sùn dáadáa, ọmọ mi.

Dansou


Nantes, ọjọ́ kìíní, oṣù Kejì, 1998

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun! Mo sùn bí òkúta lálẹ́ tí ìwé yín dé. Kí Ọlọ́run bá mi bù kún ìyàwó Fofo.

Ọkùnrin ará Porto-Novo kan ń bọ̀ nílé. Mo fi okùn náà rán an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò nílò rẹ̀ mọ́. Ẹ fi sá aṣọ. Bàtà onírọ́bà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀. Mo rà á nígbà tí wọ́n dín owó rẹ̀ kù, torí náà ẹ má bínú sí àwọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé pupa ni.

Ẹ̀rín pa mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ rántí Madame Odile? Pákó fà á lọ́jọ́ kan, ó yẹ̀, ó rọ̀ sórí okùn, kàkà kó sunkún, ó ní, "Ẹ tún un ṣe!" Dókítà Kervella ní kì í ṣe kí wọ́n má baà ṣubú la ṣe ń mì wọ́n. Ó ní ká lè jẹ́ kí ara wọn rántí bó ṣe máa ń gba ara rẹ̀ padà ni. Ó ní ẹni tí ẹ̀rù ìṣubú ń bà jù ni ilẹ̀ ń tètè gbé. Mo ní kí n sọ ọ́ fún yín torí ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ máa jókòó o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá yín gbé nǹkan.

Houéfa


Nantes, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, 1998

Bàbá mi,

Ṣé kò sí o? Mo ti kọ̀wé, mo tún kọ, kò sí èsì. Mo wá san owó tẹlifóònù, ohun tí mi ò ṣe rí. Fofo ló gbé e. Ó ní, "Bàbá ń sinmi." Mo ní kó pè yín. Ó ní, "Wọ́n ń sinmi, Houéfa," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá òtútù ti dínkù ní ọ̀dọ̀ wa. Owó tán, fóònù já.

Ta ló ń sinmi láàárọ̀ kùtù? Bàbá mi kọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ìlà kan péré. Bí ẹ bá ń bínú sí mi, ẹ kọ ìbínú náà.

Houéfa


Calavi, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹrin, 1998

Houéfa,

Mi ò bínú sí ọ. Ọwọ́ òsì mi ló ṣẹ́. Ọ̀tún wà, mo lè fi kọ̀wé, mi ò kàn mọ ohun tí màá kọ ni. Má bínú sí Codjo. Èmi ni mo ní kó má sọ.

Mo sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo lá àlá pé ìyá rẹ ń pè mí láti inú ọkọ̀, ó ní òjò ń bọ̀, kí n ṣe kíá. Mo jí, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lóòótọ́ ni òjò ń bọ̀, atẹ́gùn rẹ̀ ti dé. Mo bá sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ láti ìgbà tí mo ti lè rìn: orúnkún rọ̀, gìgísẹ̀ fúyẹ́, gbogbo ara ń retí kí ọkọ̀ rì díẹ̀, kó sì gbé mi padà. O mọ̀ ọ́n. Bí gbogbo wa ṣe ń kúrò nílé nìyẹn.

Ilẹ̀ ò rì. Kò gbé mi padà. Ó kàn dúró níbẹ̀, ó sì dá gbogbo ara mi padà fún mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Obìnrin kan tó ń kọjá pariwo, "Ẹ gbà mí! Bàbá yìí fẹ́ wọkọ̀ lórí iyanrìn!" Mi ò lè bínú sí i. Ohun tó rí ló sọ.

Egungun ti ń so. Kì í ṣe egungun ló ń ṣe mí. Èmi Dansou, tí mo dúró nínú ọkọ̀ nígbà tí ìjì ń ká òrùlé ilé kiri, ilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù. Mo kọ́kọ́ ń di ògiri mú lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n gbé póò wá. Ìyàwó Codjo á ní, "Bàbá, ẹ má dìde o, ẹ ṣàánú wa." Ìfẹ́ ló fi ń sọ ọ́. Mo dùbúlẹ̀. Bàtà pupa rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi, mi ò tíì wọ̀ ọ́ rí.

Mo ti rí ẹni tó dùbúlẹ̀ báyìí rí, ìwọ náà rí i. O ní lórí ẹsẹ̀ mi lo fẹ́ bá mi. Ọmọ mi, mi ò fẹ́ purọ́ fún ọ. Mi ò mọ̀ bóyá wàá bá mi bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ


Nantes, ọjọ́ kẹwàá, oṣù Karùn-ún, 1998

Bàbá mi,

Mo ka ìwé yín lórí ìjókòó níwájú odò. Mo kà á títí ojú mi ò fi rí i mọ́. Mo wá gbé e lọ bá Dókítà Kervella, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní, "Houéfa, ara bàbá rẹ ò gbàgbé nǹkan kan. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ibi tí iṣẹ́ náà wà fún ni wọ́n ti kúrò."

Mo bi í pé, "Ṣé kí n ní kí wọ́n padà sínú ọkọ̀?"

Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní òun ò ní tan mí. Bí ẹ bá gun ọkọ̀ tí ẹ sì ṣubú, ikú lè wà níbẹ̀. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀ báyìí, ikú wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kì í kàn pariwo ni. Ó wá wò mí, ó ní, "Kí la fi ń mú Odile dúró níbí?"

Mo ní okùn ni.

Ó ń wo ojú mi. Bàbá, orí mi kàn ṣí ni. Okùn náà wà lọ́wọ́ yín!

A jọ jókòó, a jọ rò ó. Ẹ jẹ́ kí dókítà Calavi kọ́kọ́ wo ọwọ́ yín, kó sọ pé ó ti so. Ẹ ní kí Fofo gbé yín padà sílé. Kí wọ́n ju okùn sórí igi àjà tó nípọn jù, èyí tó yọ síta lókè ibi tí a ń so ọkọ̀ mọ́. Ẹ má so ó mọ́ ìbàdí lásán, á gé yín. Kí ìyàwó Fofo rán aṣọ tó nípọn ní ìlọ́po ìlọ́po, kó gba àyà yín kọjá, kó sì gba abẹ́ itan méjèèjì. Aṣọ àpò gààrí dára, kò sì náni ní nǹkan kan. Kí wọ́n so orí ọkọ̀ àti ìdí rẹ̀ mọ́ òpó, lábẹ́ ilé, níbi tí omi kò ti jinlẹ̀. Kí Bàbá Kinsou wà nínú ọkọ̀ tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ má dá a ṣe láéláé. Ẹ kọ́kọ́ jókòó. Bí ìjókòó bá ti mọ́ yín lára, ẹ kúnlẹ̀. Ẹ má kánjú dìde.

Èmi tí mo ní kí ẹ sọ̀kalẹ̀ náà ni mò ń ní kí ẹ gòkè. Bí nǹkan bá ṣe yín, mi ò ní dárí ji ara mi. Bí ẹ bá sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, bákan náà ni.

Ẹ̀yin lẹ ni ẹsẹ̀ yín. Ẹ ṣe bó bá ṣe tọ́ lójú yín.

Houéfa


Ganvié, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà, 1998

Houéfa ọmọ mi,

Omi kí ọ. Ibi tí mo ti ń kọ̀wé yìí, pákó ń dún lábẹ́ mi.

Codjo gbé mi wá, ó ń kùn ní gbogbo ọ̀nà. "Houéfa jókòó sí òkè òkun, ó ń fi ìwé darí ikú yín." Ṣùgbọ́n òun náà ló gun àjà, òun ló so okùn, ó sì fi ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn wò kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ìyàwó rẹ̀ rán aṣọ náà. Ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí a lè fi gbé màlúù.

Oorun tí mo sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò lè sọ ọ́. Ilé ń mí, èmi náà ń mí.

Ní ọjọ́ kejì wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀ sínú ọkọ̀. Mo jókòó, mo di etí rẹ̀ mú. Òógùn bò mí. Kinsou wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí o ṣe wí. Ó bojú wò mí, ó wo okùn, ó sì kígbe fún gbogbo ọ̀sà, "Ẹ wá wo ewúrẹ́ ọdún o! Dansou, ìgbà wo la máa pa ọ́?" Àwọn obìnrin tó ń gbé oúnjẹ kọjá dúró pẹ̀lú ọkọ̀ wọn. Ọ̀kan ní, "Bàbá Dansou, ṣé ẹ fẹ́ sá lọ ni wọ́n ṣe so yín?" Mo ní ẹran ara mi ò tó wọn, kí wọ́n lọ ra ẹja. Ó bu dakouin gbígbóná fún mi, gààrí tí wọ́n fi omi ọbẹ̀ ẹja rò, mo jókòó jẹ ẹ́ nínú ìdè.

Mò ń jókòó lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà mò ń kúnlẹ̀. Ó sú Kinsou. Ó ní, "Ṣé àdúrà lo wá gbà ni?" Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ìkùukùu wà, tí ẹnikẹ́ni ò rí wa, mo dìde. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo kàn rí i pé ojú mi ti ga ju ojú Kinsou lọ.

Omi ń sọ fún ọkọ̀, ọkọ̀ ń sọ fún àtẹ́lẹsẹ̀ mi.

Ó ṣe díẹ̀, Kinsou, òṣìkà yẹn, fi ọ̀pá rẹ̀ ti ọkọ̀ mi. Mi ò retí rẹ̀. Ọkọ̀ yẹ̀, èmi náà yẹ̀, mo lọ, Houéfa, mo lọ pátápátá, okùn sì gbà mí. Mo rọ̀ sókè ọ̀sà bí ẹja nínú àwọ̀n, mò ń fì, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ń kan omi fẹ́ẹ́rẹ́. Gbogbo nǹkan funfun. Mò ń retí kí ẹ̀rù dé. Ẹ̀rín ló dé. Mo rẹ́rìn-ín débi tí mi ò lè mí, Kinsou náà ń rín, Codjo, tó ń sùn tì mí látìgbà tí a dé, sáré jáde pẹ̀lú aṣọ ìbora lára, ó rò pé mo ti kú.

Mo ti ṣubú, mi ò kú. Ó dà bíi pé ẹsẹ̀ mi ló nílò kí wọ́n sọ ọ́ fún un.

Mo ní kí Kinsou tún un ṣe.

Dansou


Nantes, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Keje, 1998

Bàbá mi,

Mo ka ìwé yín fún gbogbo ilé ìwádìí. Dókítà Kervella rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi ojú rẹ̀ nù. Ó ní kí n sọ fún Bàbá Kinsou pé òun náà máa ń ti àwọn tòun láìsọ fún wọn, ṣùgbọ́n òun kì í fi ọ̀pá ṣe é. Madame Odile kàn bi mí pé, "Kinsou yìí, ṣé ó láya?"

Mò ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá. Mo ti gba ìwé ọkọ̀ òfuurufú, èyí tó ń dúró káàkiri kó tó dé, torí òun ni kò wọ́n. Ìdájí ni màá dé etídò Calavi.

Mo lá àlá ọkọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó jìnnà, ìkùukùu bò ó. Mo jí kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Houéfa


Ganvié, ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹjọ, 1998

Ọmọ mi Houéfa,

Sọ fún ìyá yẹn pé Kinsou láya, ẹnu ìyàwó rẹ̀ sì mú ju tirẹ̀ lọ.

Ó ti gbé ọ̀pá mi sọ̀kalẹ̀ látorí àjà. Mo nu eruku rẹ̀ nù. Má bẹ̀rù, mi ò tún dá lọ sáàárín ọ̀sà mọ́. Ọwọ́ òsì yìí ò lágbára bíi tàtẹ̀yìnwá, mo sì mọ̀ ọ́n. Kinsou ló ń tù wá lọ sí ọgbà ẹja, èmi á dúró níwájú, màá máa wo ọ̀nà. Ó ní ẹrù ni mí. Okùn rẹ ṣì wà ní àjà. Láràárọ̀ mo máa ń wọ aṣọ àpò gààrí yẹn, Codjo tàbí Kinsou á mì mí. Ìyá àgbà tó wà nílé kejì ti wá ní kí wọ́n so òun náà. Ó rọ̀, ó kígbe, ó ní kí wọ́n tún òun so lọ́la. Bàtà pupa wà nílé, mo máa ń wọ̀ ọ́ bí mo bá ń lọ sí Calavi. Ojú gbogbo èèyàn máa ń wá sí ẹsẹ̀ mi.

Ọ̀rọ̀ àlá rẹ. Mo rò ó. Mo rí i pé ìwọ lo dúró lórí ilẹ̀ nínú rẹ̀.

O ti pẹ́ lórí ilẹ̀ tí kì í mì, Houéfa. Ẹsẹ̀ rẹ á ti gbàgbé. Bí o bá dé etídò, ìkùukùu á wà níbẹ̀ lóòótọ́, torí ọyẹ́ á ti dé, o lè má tètè rí mi. Dúró. Wàá gbọ́ ọ̀pá nínú omi. Má fò sínú ọkọ̀ bí àwọn ará ilẹ̀ ṣe ń fò, ẹrù rẹ á dà sómi, wọ́n á sì fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi yípo. Sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Jẹ́ kí orúnkún rẹ rọ̀. Retí kí ọkọ̀ rì díẹ̀, kó sì gbé ọ padà. Á gbé ọ.

Bí ẹ̀rù bá sì bà ọ́, na ọwọ́ sínú ìkùukùu. Lórí ìdúró ni màá wà.

Bàbá rẹ,
Dansou